Àgbàyà tàbí Olólùfẹ́: Ẹ̀rín, Ọjọ́ Orí àti Ìfẹ́ Ọkùnrin sí Ọkùnrin nínú Eré Apanilẹ́rìn-ín

 Ó dá mi lójú pé nígbà tí ìwé ìpè dé ọwọ́ àwọn kan nínú yín, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ka àkọlé rẹ̀. N kò bá wọn wí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ ní gbangba ní ilẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì wá láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀sìn rẹ̀. Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ tèmi. Ẹni tí ó bá sì ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ gbọ́dọ̀ lè wo ohun tí àwùjọ fi ń rẹ́rìn-ín, kí ó béèrè irú ẹni tí a ń fi rín, àti iye tí ẹ̀rín náà ń ná ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa mọ̀, ibẹ̀ ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀: àgbàyà. Kì í ṣe gbogbo àgbà tí ó bá ṣìwà hù ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Olè tí ó ti dàgbà, olè ni a ó pè é. Òpùrọ́ tí ó ti hewú, òpùrọ́ náà ni. Àgbàyà ni ẹni tí ó ń ṣe ohun tí kì bá tí burú bí ó bá jẹ́ pé ọmọdé ni ó ṣe é. Bí ọmọ ogún ọdún bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí ó fẹ́, tí ó ń tún fìlà rẹ̀ ṣe, tí ó ń fi ọwọ́ nu eruku bàtà, a ó ní ìfẹ́ ni ó ń dà á láàmú. Bí ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta bá dúró síbẹ̀, tí ó ń nu bàtà kan náà, àwọn ọmọ àdúgbò yóò pe ara wọn jáde láti wò ó. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò sí nínú ohun tí ó ṣe. Inú ọjọ́ orí tí ó fi ṣe é ni ó wà.

A kò sì lè sọ pé àwa Ìjẹ̀bú kò fẹ́ kí àgbà gbádùn ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde rí, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, ti rí bí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ṣe ń kọjá níwájú ààfin, ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, nínú aṣọ òkè àti iyùn, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rajó. Ní 2024, àwòrán ọkùnrin kan tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún lórí ẹṣin níbi ayẹyẹ náà kárí ayé, àwọn ọ̀dọ́ sì fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Faàrí, nígbà náà, kò ní ọjọ́ orí lọ́dọ̀ wa. Ìfẹ́ ni ó ní in. A gba àgbà láàyè kí ó múra bí ọkọ ìyàwó, ṣùgbọ́n a kò gbà á láàyè kí ó máa wá ìyàwó bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì. Bí ó bá fẹ́ ìyàwó kékeré, ọrọ̀ ajé àti ọ̀rọ̀ ilé ni a ó fi sọ ọ́. Kò sí ẹni tí yóò béèrè bóyá ó ń ronú rẹ̀ lóru. Ẹ wo ìwé ìfẹ́ wa tí a mọ̀ jù, Ó Le Kú, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, tí Túndé Kèlání sì sọ di fíìmù ní 1997: akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni àwọn tí ìfẹ́ ń dà láàmú níbẹ̀. Àwọn àgbà inú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn ni iṣẹ́ wọn.

Èyí ni ó jẹ́ kí n fi ọkàn sí irú eré kan tí ó ti ń wáyé ní ilẹ̀ òkèèrè, eré ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín tí olólùfẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tí ó ti kọjá ìgbà ọ̀dọ́, tí ó sì jẹ́ pé ọkùnrin ni ó ń fẹ́. Mo ń lo gbólóhùn gígùn yìí, ọkùnrin tí ó ń fẹ́ ọkùnrin, nítorí pé n kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè lò níwájú yín. Èyí tí àwọn àgbà mọ̀ ń tọ́ka sí ẹ̀yà ara, èébú sì ni. Èyí tí àwọn ọmọ wa ń sọ lu ara wọn ní pápá bọ́ọ̀lù, hómò, èébú ni òun náà. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tí ó ní ìfẹ́ nínú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, n ó padà sí ọ̀rọ̀ èdè.

Ní oṣù Keje ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Netflix gbé eré alápá mẹ́jọ kan jáde tí ó ń jẹ́ Uncoupled. Darren Star àti Jeffrey Richman ni wọ́n gbé e kalẹ̀; Neil Patrick Harris ni olú òṣèré rẹ̀. Ó ṣe Michael Lawson, ọkùnrin kan tí ó ń bá àwọn olówó New York ra ilé tí ó sì ń bá wọn tà á. Ọdún 17 ni òun àti Colin ti jọ ń gbé. Colin pé ẹni àádọ́ta ọdún, Michael sì pe ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ jọ sí àpèjẹ ọjọ́ ìbí tí kò jẹ́ kí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀; ní ọjọ́ náà gan-an ni ó hàn sí Michael pé Colin ti kó jáde kúrò nílé. Láti ìgbà náà lọ, ọkùnrin tí ó ti gbàgbé bí a ti ń wá olólùfẹ́ gbọ́dọ̀ tún máa wá a. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ní nǹkan bí 2005 ni òun àti Colin bẹ̀rẹ̀, Grindr, ètò orí fóònù tí àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ fi ń wá ara wọn, kò sì dé títí di 2009. Ọjà tí Michael ná nígbà èwe rẹ̀ ti tú. Èyí tí ó bá níbẹ̀, kò mọ iye tí wọ́n ń tà, kò sì mọ ohun tí ó yẹ kí òun fúnra rẹ̀ kó wá tà.

N kò ní sọ pé eré ńlá ni. Ilé tí ọkùnrin náà ń gbé ní Manhattan tó láti gbẹ omi ojú òǹwòran kí ó tó jáde. Netflix kò tẹ̀síwájú pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn oṣù Kìíní ọdún 2023. Showtime gbà á, ó ní òun yóò ṣe apá kejì, kí ọdún náà sì tó parí òun náà ti yí ọkàn padà. Eré lórí ẹni tí a kọ̀ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ méjì ni ó kọ òun náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi ní ohun kan nípa ẹ̀rín tí n kò rí kọ́ nínú àwọn eré tí ó dára jù ú lọ.

Ohun náà ni pé àṣìṣe Michael kò wọ́n. Ó pàdé ẹni tí kò yẹ, ó sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ, ó bọ́ aṣọ níbi tí kò yẹ, ojú tì í, ó padà sílé, ó sun ẹkún díẹ̀, ó sì pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ròyìn fún wọn. Ìròyìn yẹn ni eré náà. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìkì, ti sọ láti ayébáyé pé àbùkù tí eré apanilẹ́rìn-ín ń lò ni èyí tí kò mú ìrora tàbí ìparun dání. Àwa náà mọ̀ ọ́n láìkà á: bí ẹnì kan bá yọ̀ ṣubú, a ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ó dìde kí a tó rẹ́rìn-ín. Bí kò bá dìde, ariwo ni a ó fi bọnu. Èmi sì rò pé èyí ni ààlà gan-an láàárín eré apanilẹ́rìn-ín àti eré ìbànújẹ́. Inú ẹ̀dá-ìtàn kọ́ ni ààlà náà wà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí nínú bí ó ti gbọ́n tó tàbí bí ó ti gọ̀ tó. Iye tí àwùjọ yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá ṣe àṣìṣe ni ó ń pa á.

Ẹ wá jẹ́ kí a gbé Michael wá sí Èkó. Kí a fi í sí Ṣúrùlérè, kí a fún un ní iṣẹ́ kan náà, ilé ni ó ń tà. Ẹni ọdún 48 ni, ọkàn rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ó ṣí fóònù, ó rí àwòrán ọkùnrin kan, wọ́n sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n dá ìpàdé. Ní New York, àṣìṣe tí ó wà nínú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni pé ọkùnrin náà lè ti purọ́ ọjọ́ orí rẹ̀. Ní Èkó, ó lè jẹ́ pé ọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n ń dúró dè é nínú yàrá náà. Wọn a lù ú, wọn a bọ́ ọ síhòòhò, wọn a yà á ní fídíò, wọn a gba owó tí ó wà nínú báǹkì rẹ̀, wọn a sì tún máa gbà á lóṣooṣù kí fídíò náà má baà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Ohun yìí ń ṣẹlẹ̀ léraléra débi pé àwọn tí ó ń bá jà ti fún un ní orúkọ: kító ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí a ṣe ní kító kò lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí pé bí ó bá dé ibẹ̀, òun ni a ó kọ́kọ́ bi ní ìbéèrè.

Kí ló fà á? Òfin wà níbẹ̀. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ fún wa ní 1916 ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí orí irú ìbálòpọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan tún fi ọwọ́ sí òfin tuntun: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tí ó bá bá irú rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, ọdún 10 fún ẹni tí ó bá fi ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ìbáà ṣe tààrà tàbí ní ẹ̀bùrú. Ìyẹn ni pé ohun tí olólùfẹ́ inú eré apanilẹ́rìn-ín máa ń ṣe gẹ́lẹ́, kí ó sáré lọ sí ibùdókọ̀ tàbí pápá ọkọ̀ òfuurufú kí ó sì kígbe ìfẹ́ rẹ̀ níwájú èrò, ọdún mẹ́wàá ni ó ń ná ni. Ẹ kíyè sí i pé lẹ́yìn oṣù méjì ó lé díẹ̀, ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2014 kan náà, ni ìgbéyàwó àkọ́kọ́ irú èyí wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ tí ó fún wa ní òfin àkọ́kọ́.

Mo ti sọ̀rọ̀ àpèjẹ ọjọ́ ìbí Colin. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, àwọn ọlọ́pàá wọ hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ̀dá ní ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n kó ọkùnrin 57. Àwọn tí wọ́n kó sọ pé ọjọ́ ìbí ni àwọn wá bá wọn ṣe. A gbé 47 nínú wọn lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ lábẹ́ òfin 2014. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni adájọ́ fagi lé ẹjọ́ náà, nítorí pé ọwọ́ yẹpẹrẹ ni àwọn olùpẹ̀jọ́ fi mú un. Ọdún méjì ó lé ni èyí, orúkọ àti ojú wọn sì ti jáde sí ayé. Síbẹ̀ ẹ̀rín wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá kó wọn síwájú àwọn oníròyìn, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú wọn sọ̀rọ̀ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan sọ. Gbólóhùn náà di àwàdà jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ọdún 10 ni wọ́n gbé dání sí ọmọ náà lórí. Ohun tí ó pa wá lẹ́rìn-ín ni gírámà rẹ̀. A máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń fi í rín. Òtítọ́ ni, bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ni ó ń rín in.

Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, nígbà náà, pé àwọn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí ó fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ yìí, ìbànújẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Jude Dibia kọ Walking with Shadows ní 2005, ìtàn Adrian tí ó ti gbéyàwó tí ó sì ti bímọ kí ẹnì kan tó tú àṣírí rẹ̀ fún ìyàwó. Fúnmi Ìyàndá ṣe agbátẹrù fíìmù rẹ̀ ní 2019. Ìfé, fíìmù kékeré tí Uyaiedu Ikpe-Etim darí ní 2020, lórí obìnrin méjì ni ó dá lé. Àjọ tí ó ń yẹ fíìmù wò kìlọ̀ pé àwọn tí ó ṣe é lè rí ẹ̀wọ̀n. Babátúndé Apalowo gba ẹ̀bùn Teddy ní Berlin ní 2023 fún fíìmù rẹ̀ lórí ọkùnrin méjì ní Èkó, iṣẹ́ jẹ́jẹ́ kan tí ìbẹ̀rù ń mí nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó jẹ́ eré apanilẹ́rìn-ín. Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ fún mi pé eré apanilẹ́rìn-ín wa kún fún ọkùnrin tí ó ń ṣe bí obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni. Abẹ́ agọ̀ alárìnjó, ọkùnrin ni ó ń ṣe ìyàwó. Ní Kétu àti àyíká rẹ̀, ọkùnrin ni ó ń gbé agọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ó ń so ọmú igi mọ́ àyà láti bu ọlá fún àwọn ìyá wa. Hubert Ògúndé ará Ọ̀ṣọ́sà, tí ìlú rẹ̀ àti Ìbẹfun wa jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú, ni ó sọ ọ́ di àṣà kí obìnrin máa ṣe eré lórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òòjọ́. Ó sì fẹ́ púpọ̀ nínú wọn níyàwó, nítorí ojú tí àwùjọ fi ń wo obìnrin inú eré nígbà náà. Gbogbo ìyẹn, aṣọ ni. Ọkùnrin inú aṣọ obìnrin kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Bí eré bá parí yóò bọ́ aṣọ náà. Ohun tí kò sí nínú eré wa ni ọkùnrin inú agbádá ara rẹ̀, tí ó ti hewú, tí ó ń dúró de ọkùnrin mìíràn, tí kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé kí a wá wò ó.

Ọmọ Yorùbá kan ni ó kọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ní èdè wa. Bernardine Evaristo ni orúkọ rẹ̀. Ní 1959 ni a bí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, tí ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìyá rẹ̀. Orúkọ Evaristo fúnra rẹ̀, orúkọ àwọn Àgùdà Èkó ni, àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wálé. Ó ti kọ ìtàn ìdílé náà sínú ìwé Lara ní 1997. Òun àti Margaret Atwood ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Booker ní 2019. Ìwé tí mo ń sọ, Mr Loverman, jáde ní 2013. BBC sọ ọ́ di eré alápá mẹ́jọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024: Nathaniel Price kọ ọ́ fún tẹlifíṣọ̀n, Hong Khaou darí rẹ̀. Lennie James tí ó ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn àti Ariyon Bakare tí ó ṣe olólùfẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀bùn BAFTA ní 2025.

Barrington Walker, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Barry, jẹ́ ẹni ọdún 74. Ará Antigua ni, Hackney ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń gbé, ó ní ilé tí ó ń gba owó lórí wọn, ó sì ń múra bí ẹni tí ó ń lọ sí Ojúde Ọba lójoojúmọ́: kóòtù onílà, fìlà, bàtà tí ó ń dán. Ó ti fẹ́ Carmel láti àádọ́ta ọdún. Wọ́n bí ọmọbìnrin méjì. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé ní Antigua ni òun àti Morris sì ti fẹ́ràn ara wọn, ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Gbogbo ìtàn náà dá lórí ohun kan ṣoṣo: Barry fẹ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń kó lọ sọ́dọ̀ Morris, kò sì lè sọ ọ́. Ó múra ọ̀rọ̀ náà, ó tún un múra, ó mu ọtí sí i, ó gbé e dé ẹnu, ó gbé e mì. Ó jọ ohun tí a mọ̀ nínú àwàdà wa, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ ní gbogbo ibi àyàfi níwájú ìyàwó rẹ̀.

Ohun tí ó mú kí eré apanilẹ́rìn-ín ṣeé ṣe fún Evaristo ni pé iye àṣìṣe ti wálẹ̀ nígbà ayé Barry. Nígbà tí ó gbéyàwó, ẹ̀wọ̀n wà fún un ní Antigua, ó wà fún un ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1967 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ dẹ̀ díẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Antigua kò sọ òfin tiwọn di asán títí di 2022. Ọkùnrin náà ń gbé nínú ayé tí ẹnikẹ́ni kò ní mú un mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọdún 1960 ni ó ṣì ń bà á. Inú àlàfo tí ó wà láàárín ẹ̀rù àtijọ́ àti ayé òní ni ẹ̀rín ìwé náà ti ń jáde. Ó ń sá fún ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì.

Mo fẹ́ràn ìwé yìí ju Uncoupled lọ fún ìdí kan pàtó. Nínú Uncoupled, kò sí ẹni tí ó san gbèsè. Evaristo mọ̀ pé bí àṣìṣe bá wálẹ̀ fún ẹnì kan, ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ti san án. Carmel ni ó san án. Barry ni ó ń sọ ìtàn tirẹ̀ fúnra rẹ̀, “èmi, èmi”, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ àti ìgbéraga; nígbà tí ó bá kan Carmel, ohùn kan ń bá a sọ̀rọ̀, “ìwọ, ìwọ”, ní gbólóhùn tí ó ń ṣàn bí orin, tí kò sì ní ẹ̀fẹ̀ púpọ̀ nínú. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó gbà pé òun rí ọkọ tí kì í yájú sí obìnrin ni. Ó fi àádọ́ta ọdún gbàdúrà lórí ìgbéyàwó tí kò lè tún ṣe, kò sì mọ ohun tí ó bàjẹ́ nínú rẹ̀. Òun náà ti ní ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan rí níbi iṣẹ́, kí a má baà sọ ọ́ di ère mímọ́. Ẹ̀rín wa sí Barry a máa já lẹ́nu ọ̀nà yàrá Carmel. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín kí ẹ ro Carmel wò. Nínú ìlú tí òfin àti ìtìjú bá ti lé àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wọ inú ìgbéyàwó, ọmọ ta ni wọ́n ń gbé níyàwó? Àwọn Carmel wà ní Ìjẹ̀bú. Wọ́n ń lọ sí ìsọ̀ òru, wọ́n ń lọ sí àsàlátù, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run ohun tí àwọn ṣe.

Mo ṣèlérí pé n ó padà sí èdè. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń gbìyànjú láti túmọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà sí Yorùbá. Ìdájí ni Barry wọlé, níbi tí òun àti Morris ti lọ jó. Carmel ti jí sílẹ̀, ó sì dá a lójú pé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni ọkọ òun ti ń bọ̀. Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé obìnrin náà jàre, ó sì tún jẹ̀bi: ó mọ̀ pé ẹnì kan wà, ó ṣi ẹni náà mọ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, arọ́pò-orúkọ ń ran òǹkọ̀wé lọ́wọ́, nítorí pé bí Carmel bá ti la ẹnu ni yóò ti sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Ní èdè wa, “ó” ni gbogbo wa. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ti fi èyí ṣe ọ̀kan nínú ìpìlẹ̀ àlàyé rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1997. Bí Carmel bá jẹ́ ará Ìbẹfun, tí ó sì bi ọkọ rẹ̀ léèrè pé, “Ta ni ó ń gbà ọ́ lọ́wọ́ mi?”, kò ṣi ohunkóhun sọ. Òtítọ́ pọ́nńbélé ni ó sọ, ẹ̀fẹ̀ náà sì ti bọ́ sọ́nù. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi “àwọn ìyálóde rẹ” dí i. Èkejì fi “ó” sílẹ̀ bí ó ti wà, ó ní òǹkàwé Yorùbá yóò mọ̀ ju Carmel lọ láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Mo gbè sẹ́yìn èkejì.

Ọ̀rọ̀ Morris ni ó wá le jù. Kí ni Morris jẹ́ sí Barry? “Ọkọ” kò bá a mu, “àlè” ń rùn, “olólùfẹ́” dà bí orin rédíò lẹ́nu ẹni ọdún 74. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ni ó rí i. Ó ní, “Ẹ̀yin Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí la ti ń pè é tẹ́lẹ̀? Kòríkòsùn.” A ń lo ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, a ti lò ó títí a kò fi gbọ́ ohun tí ó ń sọ mọ́: ẹni tí bí a kò bá rí i, a kò ní sùn. Carmel pàápàá lè pè é bẹ́ẹ̀ níwájú àlejò, kí ó fi oúnjẹ síwájú rẹ̀, kí ó ní kí ó kí àwọn ará ilé, ní ọgọ́ta ọdún, láìmọ̀ pé òun ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. A ti fi ọ̀rọ̀ náà sí ojú ìwé kẹta ìtumọ̀ wa. A kò tíì gbà láàárín ara wa bóyá kí Barry gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí ó sì rẹ́rìn-ín, tàbí kí ó dákẹ́.